Ẹ Ṣé Àná

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan wà lẹ́bàá Bájùláyé ní Ṣómólú tí mo máa ń yà sí láàárọ̀. Ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ kì í tíì ṣí tán tí ọ̀gá tó ni ín á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, fóònù létí, tí á máa béèrè iye tí wọ́n ń ta bébà. Iye tòní ló ń béèrè, torí ti àná lè ti di ìtàn. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 2024, mo dé bá a bó ṣe ń ti fóònù bọ àpò. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá. Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́." Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti dáhùn.

"Kí la ń dúpẹ́ fún gan-an báyìí, sà?"

Ó wò mí sùn-ùn, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ṣé kí n wá sọ fún ẹ pé kò dáa ni?"

Ìbéèrè tó fi dá mi lóhùn yẹn ni mo gbé délé. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Bí oúnjẹ wà, a dúpẹ́; bí kò sí, a dúpẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòsàn àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti ń wádìí ohun tí ọpẹ́ ń ṣe nínú ara àti nínú ilé, ohun tí wọ́n rí sì jẹ́ kí n gbà pé ọpẹ́ méjì ló wà lẹ́nu wa. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì dà bí ọmọrí ìkòkò tí a dé mọ́ ọbẹ̀ tó ti kan.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú Ṣómólú. Àdúgbò yìí ni ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti pósítà òṣèlú tí ẹ ń rí káàkiri Èkó ti ń jáde. Ojúlé kan kì í jìnnà sí ojúlé kejì, kò sì sí èyí tí ẹ ò ní gbọ́ tàkàtàkà ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà, àlòkù láti Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn. Bébà, yíǹkì, pùléètì, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, torí àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìwópin àti ní Oku Iboku ti dákẹ́ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, iye tí dọ́là bá jí sí láàárọ̀ ló ń pinnu bóyá ọmọṣẹ́ á jẹun ọ̀sán.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà l'Ékòó ti kọjá 480. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa díwọ̀n rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ ti fi ìdá tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà lọ́dún kan ṣáájú. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tẹ̀wé, tó ń fi náírà ra bébà tí wọ́n fi dọ́là kó wọlé, tó sì láya àti ọmọ mẹ́ta ní ilé oníyàrá méjì ní Bàrígà, ẹ ò ní retí kó máa jó láàárọ̀.

*

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ orúkọ Alájọ Ṣómólú. Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ́ ni, ọmọ Ìsonyìn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bí lọ́dún 1915, tó sì papò dà lọ́dún 2012. Wọ́n ní orí rẹ̀ pé débi pé ó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ kiri láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, owó ẹnikẹ́ni kò sì ṣì mọ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ti gba àárín ilé kan sí òmíràn rí ní Ṣómólú mọ̀ pé ọgbọ́n ni, kì í ṣe wèrè.

Ọpọlọ tèmi àti tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Alájọ tó ń ṣojúsàájú ni. Ohun tí ayé jẹ wá, ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ kó tó pa á rẹ́. Lọ́dún 2001, Roy Baumeister àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti fi hàn pé ibi máa ń wúwo lọ́kàn ẹ̀dá ju ire lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn kan ló ń pa á. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni ń dunni ju bí owó tí a rí he ṣe ń dùn mọ́ni. Wọn ò rò pé àbùkù ni. Ẹni tó gbàgbé ibi tí igi eléso wà nígbà ìwáṣẹ̀, ebi ọjọ́ kan ló pa á. Ẹni tó gbàgbé ibi tí paramọ́lẹ̀ wà kò bí wa.

Èyí tó tún burú ni pé ire tètè máa ń mọ́ wa lójú. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá dé ní Bàrígà lálẹ́. "Ọ̀pù NẸ́PÀ!" làwọn ọmọdé máa fi ya ojúlé sí ojúlé, àgbà náà á sì pariwo bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé iná dé mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú un lọ! Wákàtí kan gbáko la ó fi máa sọ ọ́, a ó sì bá a dé orí baba ńlá àwọn tó ń pín in. Iná kan náà ni. Dídé rẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́kàn wa, lílọ rẹ̀ gba gbogbo alẹ́.

Ibẹ̀ ni ọpẹ́ tòótọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ alájọ yẹn, ó ń fún un ní yíǹkì.

*

Ìwádìí tó mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 2003. Robert Emmons àti Michael McCullough pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń kọ ohun tó tó márùn-ún tí wọ́n lè dúpẹ́ fún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń kọ ohun márùn-ún tó yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tó kù kàn ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn tó kọ ọpẹ́ ní ayé àwọn dáa ju bí àwọn yòókù ṣe rí tiwọn lọ, àìsàn wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ráhùn nípa rẹ̀ kéré, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá sí i. Àwọn méjèèjì tún padà lọ bá àwọn tí àrùn iṣan ara ń bá jà, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ayé rọ̀ fún. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi kọ ọ́ lójoojúmọ́. Oorun wọn dára sí i. Ọkọ tàbí aya wọn pàápàá, tí wọn kò kọ nǹkan kan, sọ fún àwọn olùwádìí pé inú ẹnì kejì àwọn dùn sí i.

Mo fẹ́ràn ti àwọn aláìsàn yìí ju ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ó rọrùn láti sọ fún ọmọ ogún ọdún pé kó máa dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọpẹ́ fún yín bí àgbo gbogbonìṣe tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Lọ́dún 2021, David Cregg àti Jennifer Cheavens kó ìwádìí 27 pọ̀ láti wò ó bóyá kíkọ ọpẹ́ sílẹ̀ ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn. Ó ń ṣe díẹ̀. Díẹ̀ náà ni wọ́n sọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì dé mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fi rọ́pò ìtọ́jú. Lọ́dún 2024, ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó ti dàgbà, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000, ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ewu ikú fún àwọn tó moore jù lọ fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó moore kéré jù. Ó wuni láti gbọ́. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ara tó le ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti dúpẹ́. Àwọn olùwádìí náà gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò wọn. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ tán.

Ohun kan wà nínú àwọn ìwádìí yìí tó mú mi rántí ọ̀gá wa tó ń tẹ̀wé. Sonja Lyubomirsky ní kí àwọn kan máa ka oore tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn mìíràn máa kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni inú wọn dùn sí i. Àwọn ti ẹ̀ẹ̀mẹta, kò hàn lára wọn. Ó jọ pé àwítúnwí ti sọ ọ́ di àṣà, ẹnu ń sọ ọ́, ọkàn ti lọ sọ́jà. Ẹ wá ronú sí "a dúpẹ́" tí à ń sọ nígbà ogún lóòjọ́.

*

Mo tẹ̀ lé àbúrò ìyá mi kan lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bàbá, kí ló ń ṣe yín?" Ó ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ó tún bi í pé ṣé ó ń sùn dáadáa. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń jí láago méjì òru, tó ń rìn nínú pálọ̀, tó ń fọwọ́ ra orí. Ìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni ara nọ́ọ̀sì bù máṣọ. Àrùn kò gbọ́ Yorùbá. "A dúpẹ́" kò dí i lọ́wọ́ rárá.

Ọmọrí ìkòkò tí mo ní lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi í sí wa lẹ́nu, ẹ̀kọ́ náà sì dára: a kì í da ẹrù ẹni lé àlejò lórí. Ṣùgbọ́n níwájú dókítà, níwájú aya ẹni, níwájú ọ̀rẹ́ tó béèrè láti inú wá, ẹ ṣí ọmọrí náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fi dé ìkòkò ẹlòmíràn. Ẹni tí ọmọ kú fún lánàá kò nílò ẹni tí yóò sọ pé kó máa dúpẹ́ pé méjì ló kù. Obìnrin tí ọkọ ń lù kò nílò ìwé tí yóò máa kọ ọpẹ́ sí. Ibi tó máa sá sí ló nílò. Èmi náà ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí tí wọ́n jẹ wá lówó oṣù mẹ́ta, tí ọ̀gá wa sì ń dúró níwájú wa láràárọ̀ Monday pé kí a dúpẹ́ pé a ṣì níṣẹ́. Mi ò dúpẹ́. Mi ò rò pé ọ̀kankan nínú àwọn tí mo tọ́ka sí ìwádìí wọn yìí máa ní mo jẹ̀bi.

Èwo wá ni ọpẹ́ tó ń ṣiṣẹ́? Òun náà wà lẹ́nu wa, ó tilẹ̀ pẹ́ ju gbogbo yunifásítì wọ̀nyí lọ. Ẹni tó jẹun nílé yín lánàá, tó bá pàdé yín láàárọ̀ òní, kí ló máa kọ́kọ́ sọ? "Ẹ ṣé àná o." Ó ti dúpẹ́ lánàá kó tó lọ, ó tún ń dúpẹ́. Àgbà tí a ṣe lóore tí a kò sì gbọ́ "ẹ ṣé àná" lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a ó máa wò ó pé bóyá oúnjẹ ọ̀hún ò dùn.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ó ní ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ṣe. Ó ní ọjọ́ tó ṣe é. Ó sì gba pé kí ọpọlọ sun oorun òru kan mọ́jú, kó sì ṣì rántí oore náà láàárọ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí ń fi ìwé àti bírò wá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. "A dúpẹ́" kò ní ẹni, kò ní ohun, kò ní ọjọ́. Àwọn àgbà so ìrònú mọ́ ọpẹ́ tipẹ́: ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá.

*

Apá Ìlàjẹ ní Bàrígà, níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀sà, tí ẹ lè dúró kí ẹ máa wo mọ́tò tó ń fò kọjá lórí afárá Third Mainland, ibẹ̀ ni ìyá kan ti ń yan ẹja. Ọkọ rẹ̀ ń wa dáńfó. Ṣáájú ọdún 2020, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde, ó sì máa ń tó mẹ́wàá alẹ́ kó tó wọlé. Omi máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀mù nígbà tó bá jáde, ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá dé. Kò bi ara rẹ̀ rí bó ṣe ń dé ibẹ̀.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, dáńfó wà lójú kan, awakọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ìgbà yẹn ló ríran. Ìyàwó rẹ̀ á gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin dé kí oòrùn tó yọ, á tún gbé mẹ́ta lálẹ́, lẹ́yìn tí èéfín ẹja ti pọ́n ojú rẹ̀ tán. Ó kà á lọ́jọ́ kìíní, ó kà á lọ́jọ́ kejì. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀. Ó fi tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lanu láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìyá Ìbejì, o ṣé àná o. Omi yẹn, kẹ́ẹ̀gì méje ni. Mo kà á."

Obìnrin náà gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀. "Kí lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, Bàbá Ìbejì?"

Awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó fi ọ̀sẹ̀ méjì dì í lẹ́nu kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Lọ́dún 2018, Amit Kumar àti Nicholas Epley ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ẹni tó ti ṣe wọ́n lóore, wọ́n sì bi àwọn tó kọ ọ́ pé báwo ni wọ́n ṣe rò pé yóò rí lára ẹni tó gbà á. Àwọn tó kọ lẹ́tà rò pé yóò rí bákan létí rẹ̀, pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àwọn kò gún tó. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn tó gba lẹ́tà, inú wọn dùn kọjá ohun tí òǹkọ̀wé rò, ó yà wọ́n lẹ́nu ju bó ṣe rò lọ, kò sì sẹ́ni tó wo gírámà. Ojú tó ń tì wá ló ń rẹ́ wa jẹ.

Sara Algoe, tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí nípa tọkọtaya, ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí ẹnì kan bá rí oore tí ẹnì kejì ṣe, tó sì moore rẹ̀, àwọn méjèèjì máa ń sún mọ́ ara wọn sí i lọ́jọ́ kejì. Àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni: ẹni tó bu omi fúnni, ẹni tó rántí ra òògùn bọ̀. Nínú ilé Yorùbá, a kọ́ ọmọ dáadáa lórí èyí. Ọmọ tó jẹun tán á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà." Àwọn òbí á ní, "Á gba ibi ire o." Ibi tí mo ti ń bá wa jà ni pé bàbá tó gba "ẹ ṣé sà" yẹn ti jẹ nínú ìkòkò kan náà, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tó sè é. Ó rò pé torí òun san owó ọbẹ̀ ni. Ìyá náà kò sì dúpẹ́ owó ọbẹ̀, torí pé ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń gba ọpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọn kò fún ara wọn.

Awakọ̀ wa ti padà sójú títì tipẹ́. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló ń pọn báyìí kó tó jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun.

*

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ kò gùn lọ́wọ́ mi. Adam Grant àti Francesca Gino ṣe àyẹ̀wò kan, ó jáde lọ́dún 2010, lórí àwọn tó ń fi fóònù bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi owó ṣèrànwọ́ fún yunifásítì kan. Ọ̀gá kan wá bá apá kan nínú wọn, ó dúpẹ́ iṣẹ́ wọn lójúkojú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iye ìgbà tí wọ́n pe èèyàn fi ju ìlàjì lọ pọ̀ sí i. Àwọn tí kò rí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n wà. Àwa Yorùbá, a ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o" kò le. Kí ọ̀gá wá dárúkọ iṣẹ́ tí ọmọṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ ló le. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá yìn ín, yóò béèrè owó. Ó sì lè béèrè o! Kò sí ìwádìí kan tó ní ọpẹ́ ń dípò owó iṣẹ́, ọ̀gá tó bá sì fi ṣe ọ̀nà àtimá-sanwó, irọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ tú.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀gá ìtẹ̀wé wa lálẹ́ ọjọ́ kan tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, tí iṣẹ́ sì dúró. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Mo sọ fún un nípa Martin Seligman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní lọ́dún 2005 kí àwọn kan fi ọ̀sẹ̀ kan máa kọ ohun mẹ́ta tó lọ déédéé lálaalẹ́ àti ìdí tó fi lọ déédéé, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, inú wọn ṣì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn kọ lẹ́tà ọpẹ́, wọ́n sì lọ kà á fún ẹni tó ṣe wọ́n lóore. Tàwọn yẹn lágbára jù lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò ju oṣù kan lọ tó fi ṣá.

Bébà kì í wọ́n ẹni tó fẹ́ kọ̀wé ní Ṣómólú. Etí bébà tí ẹ̀rọ ti gé kúrò kún inú àpò níbi gbogbo, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó gùn tó apá. Ọ̀gá fa díẹ̀ yọ, ó fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó mú bírò. Ó ronú títí tí ẹ̀fọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá. Ohun tó kọ́kọ́ kọ, mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni yóò jẹ́, tàbí Ọlọ́run. Ó kọ ọ́ pé: "Ìyá olóúnjẹ. Lẹ́yìn kòrónà. Ìrẹsì àwọn ọmọṣẹ́."

Ó ní nígbà tí wọ́n ṣí Èkó padà lọ́dún 2020, kò síṣẹ́. Ta ló fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó? Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ló padà wá bá òun, ebi sì ń pa wọ́n. Ìyá tó ń ta oúnjẹ nígun títì ń bu ìrẹsì fún wọn láwìn lójoojúmọ́, kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Nígbà tí iṣẹ́ dé, òun san owó náà. "Mo ṣáà sanwó," ó ní. "Mi ò dúpẹ́. Mo rò pé owó tí mo san, ọpẹ́ náà nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ rìn débẹ̀. Ìyá náà ń ro ọbẹ̀, èéfín bò ó. Ọ̀gá, tí mi ò rí kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, bẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ ṣé àná o, Ìyá."

"Àná kẹ̀? A ò ríra lánàá."

"Ti ọdún 2020 ni. Ìrẹsì tí ẹ ń bù fún àwọn ọmọ mi."

Ó dá ọwọ́ ọbẹ̀ dúró. Ó wò ó, ó wo èmi náà, bíi pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

"Ẹyin méjì ṣẹ́ kù tí ẹ ò san níbẹ̀," ó ní. "Ẹyin ọjọ́ Friday."

Ọ̀gá ti ń fọwọ́ bọ àpò.